Àwo Orin Inú Àpótí: Ìdámọ̀ Orin Tí A Ti Gbàgbé ní Àwọn Abúlé Agbègbè Ìbàdàn



Àwọn àgbà a máa wí pé ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ tí a kò lè kó padà ni wọ́n fi ń pòwe. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí ohùn Yorùbá ti ń wọ inú àwo, tí òwe náà sì ti ní ìtumọ̀ mìíràn tí a lè fi ọwọ́ bà. Ohùn ń bẹ nínú àwo; bí àwo bá balẹ̀, ohùn fọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àpótí irú àwo bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí àjà. Ikán ti jẹ páálí wọn, ìwé àárín wọn ti ṣí, àwọn tí ó rà wọ́n sì ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni pé àwo orin jẹ́ ìwé ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìwé ìjọba ti jẹ́. Èkejì ni pé ìwé ìtàn tí kò ní ọjọ́ tí kò sì ní ọ̀rọ̀ àlàyé ni, nítorí náà a ní láti mọ bí a ti í dá a mọ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó sì jẹ́ kókó ọ̀rọ̀, ni pé púpọ̀ nínú ohun tí a nílò fún ìdámọ̀ yìí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ní ilé ìkàwé. Etí àti ọpọlọ àwọn àgbà oko ni ó wà.

I. Oko, kòkó àti gíràmófóònù

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú náà kò parí sí ibi odi rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn a ní ilé nínú ìlú, a sì ní abúlé lóko. Ní àsìkò ìkórè, ìlú a tú sóko. Ní ọjọ́ ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, oko a wọ ìlú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí a sì nà án kọjá Lálúpọn lọ sí ìhà Òṣogbo kí ọdún 1910 tó pé, àwọn abúlé wọ̀nyí ti ń gbin kòkó, owó kòkó sì ti ń mú ọjà òkèèrè wọlé. Ìwé ńlá tí Galletti, Baldwin àti Dina tẹ̀ jáde ní 1956 lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó Nàìjíríà fi hàn bí ìdílé àgbẹ̀ ti ń pawó àti bí wọ́n ti ń ná an ní ọdún 1951 sí 1952. Ẹni tí ó bá rí owó kòkó a fi páànù bo ilé, a ra kẹ̀kẹ́, a ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ó bá sì fẹ́ kí ará abúlé mọ̀ pé ọwọ́ òun ti tó ẹnu, a ra gíràmófóònù.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé gíràmófóònù ìgbà náà kò nílò iná mànàmáná. Ọwọ́ ni a fi ń wá a bí ìgbà tí a ń wá aago ògiri. Àwọn tí ó wà nínú ìlú Ìbàdàn ti ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, rédíò olókùn tí ó dé ìlú náà ní 1939. Okùn yẹn kò dé oko, ṣùgbọ́n àwo dé oko. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú orin tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn yàn, tí wọ́n fi owó ara wọn rà, inú àpótí wọn ni yóò wò.

Ìwé ìjọba ní ohun tí ó sọ nípa àwọn abúlé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ojú kan ni ó fi wò wọ́n. Owó orí àti ìjà ni ó jẹ ẹ́ lógún. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968 sí 1969, tí Àkànrán di ibùdó Àgbẹ́kọ̀yà, tí a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá dìde, àgbẹ̀ wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jẹ gbèsè owó orí tàbí ẹni tí ó dá rúkèrúdò sílẹ̀. Nínú àwo orin, ẹni kan náà lè jẹ́ ọlọ́lá tí ó ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀, tí a ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, tí a dárúkọ ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òpìtàn tí ó bá ka ìwé ìjọba nìkan ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

II. Bí ohùn Yorùbá ṣe wọ inú àwo

Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá tí ó lé ní ogójì sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún Zonophone, tí í ṣe ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Gramophone Company. Orin ìsìn ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 1928, Domingo Justus kọ orin Yorùbá pẹ̀lú gìtá fún Zonophone kan náà. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1930, àwọn oníṣòwò àwo ti rí i pé èrè wà ní Èkó, wọ́n sì ń wá olórin níbi tí olórin wà. Tunde King, tí a bí ní 1910, kọ orin jùjú fún Parlophone ní 1936. Ayinde Bakare tẹ̀ lé e pẹ̀lú HMV ní 1937. Abibu Oluwa sì ti gbé sákárà wọ inú àwo.

Ogun Àgbáyé Kejì dá iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Oje tí kòkòrò kékeré kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà, èyí tí a ń pè ní ṣẹ́láàkì, ni wọ́n fi ń ṣe àwo nígbà náà, ogun sì mú kí ó ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Decca àti HMV wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni Philips dé, àwọn oníṣòwò Yorùbá pẹ̀lú sì dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀. Haruna Ishola mú àpàlà dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Tunde Nightingale, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1922, ń kọ jùjú. I. K. Dairo dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957. Lẹ́yìn wọn ni Dauda Epo-Akara, ọmọ Ìbàdàn, gbé awúrèbe dìde, tí Odolaye Aremu sì ń ti Ìlọrin mú dàdàkúàdà wá kí àwọn ẹni ńlá Ìbàdàn.

Àwọn olókìkí nìwọ̀nyí, a kò sì lè gbàgbé wọn. Ìṣòro wa wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò lókìkí. Fún olórin kan tí a mọ̀, ọ̀pọ̀ ni ó wà tí wọ́n kọ àwo kan tàbí méjì péré, tí wọ́n sì padà sí ìdí iṣẹ́ wọn. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan; ara àwo nìkan ni ó wà.

III. Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń dá àwo mọ̀

(a) Ohun tí ó wà lára àwo. Ohun àkọ́kọ́ tí olùwádìí yóò wò ni ohun tí a fi ṣe àwo náà àti bí ó ti ń yí. Àwo ṣẹ́láàkì wúwo, ó sì ń fọ́ bí àwo tánganran. Ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, orin tí ojú rẹ̀ kan lè gbà kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwo oníke tí ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, ti ìgbà 45 sì jáde ní 1949. Ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ pé gbogbo àwo ṣẹ́láàkì ni ó ṣáájú 1948, nítorí pé wọ́n ṣì ń tà á ní ilẹ̀ wa títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà. Oríṣi méjì ni ó wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dà wọ́n pọ̀. Èyí tí a tẹ̀ sí ìwé àárín àwo ni nọ́ńbà tí oníṣòwò fi ń tà á. Èyí tí a fín sára àwo gan-an, létí ìwé àárín, ni nọ́ńbà ọjọ́ iṣẹ́. Bí àwo méjì bá ní nọ́ńbà iṣẹ́ tí ó tẹ̀ léra, ó ṣeé ṣe kí a ti kọ wọ́n ní ìjókòó kan náà, bí a tilẹ̀ tà wọ́n ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ àti ti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú a máa sọ̀rọ̀. Bí a bá rí orúkọ Morning Star lára àwo Dairo, a mọ̀ pé ó ṣáájú ìgbà tí ẹgbẹ́ náà di Blue Spots ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Bí a bá rí orúkọ Star, ilé-iṣẹ́ tí Haruna Ishola àti Dairo jọ dá sílẹ̀, a mọ̀ pé àwo náà kò lè ṣáájú 1969.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àkọlé. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò gbọ́ Yorùbá lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì fi àmì ohùn sí i. Bí a bá rí OWO lára àwo, ṣé owó ni, àbí òwò, àbí ọwọ́, àbí ọ̀wọ̀, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Ojú kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Etí ni yóò dá a lóhùn. Mélòó nínú àwọn àkójọ orúkọ orin tí a ṣe ní òkèèrè ni kò ti ipasẹ̀ èyí ṣìnà?

(b) Ohun tí ó wà nínú orin. Irin iṣẹ́ olórin ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọ inú jùjú, ìgbà náà sì ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá sókè. Nítorí náà, àwo jùjú tí gángan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn ọdún 1930. Owó pẹ̀lú a máa tọ́ni sọ́nà: orin tí ó ń ka náírà kò ṣáájú 1973, ọdún tí a pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì. Bákan náà ni ikú àwọn ẹni ńlá. Adegoke Adelabu kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1958. Orin tí ó ròyìn ikú rẹ̀ kò lè ṣáájú ọjọ́ náà.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí kò mọ àṣà ti ń ṣubú. Ẹnìkan lè gbọ́ tí olórin ń ki Adelabu, tí ó ń pè é kí ó dìde, kí ó jó, kí ó sì wí pé a jẹ́ pé ẹni náà wà láàyè nígbà tí a kọ àwo yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkì kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. A ń ki baba ńlá ẹni tí ó ti kú ní igba ọdún sẹ́yìn bí ẹni tí ó jókòó síwájú wa. Ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ ni a fi ń mọ ọdún orin; oríkì ni a fi ń mọ ẹni tí orin ń bá wí. Ẹni tí ó bá dà wọ́n pọ̀ yóò ṣi ọdún kà.

(c) Ohun tí àgbà mọ̀. Nígbà tí a bá ti wo ara àwo, tí a sì ti gbọ́ orin inú rẹ̀, ohun kan ṣì kù tí nọ́ńbà kò lè fi hàn: ta ni ẹni tí a ń kì? Olórin Yorùbá kì í sábà pe ẹni tí ń náwó fún un ní orúkọ tí ó wà nínú ìwé owó orí. A pè é ní bàbá lágbájá, ọkọ lámọ̀rín. A fi oríkì àbísọ pè é. A dárúkọ abúlé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abúlé méjì tàbí mẹ́ta sì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tí ó bá dàgbà sí àdúgbò náà yóò gbọ́ gbólóhùn kan, yóò sì mọ ilé tí a ń wí. Ọmọ ẹni yẹn tí ó wà ní Ìbàdàn lè má mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n rárá.

Nítorí náà, ètò ni kí a fi gba ẹ̀rí àgbà. Kí á kọ́kọ́ lu àwo fún wọn láì sọ ohun tí a kọ sára rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wa má baà di ọ̀rọ̀ wọn. Kí á bi ju ẹnìkan lọ, kí á sì bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí á kọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, àní bí wọn kò bá fi ohùn ṣọ̀kan. Kí á sì rí i pé ẹ̀rọ ń yí àwo bí ó ti yẹ. Bí ó bá ń yí jù, ohùn àgbàlagbà yóò di ti ọmọdé. Àgbà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà síbẹ̀, nítorí pé àjọṣe láàárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ẹni tí ń kọrin.

IV. Ohun tí ayé yòókù fi kọ́ wa

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí ń jẹ́ Mississippi John Hurt, àgbẹ̀ ni. Ó kọ orin díẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ OKeh ní 1928. Àwo náà kò tà púpọ̀, ó sì padà sóko. Ní ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣa àwo àtijọ́ gbọ́ pé ó dárúkọ Avalon, ìlú rẹ̀, nínú ọ̀kan nínú àwọn orin náà. Wọ́n wá Avalon kàn lórí àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, ọ̀kan nínú wọn sì lọ síbẹ̀ ní 1963. Ó bá a níbẹ̀ láàyè. Kí ó tó kú ní 1966, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti gbọ́ ọ lójúkojú. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo nínú orin ni ó ṣe é. Nínú orin Yorùbá, a kì í dárúkọ ìlú kan ṣoṣo. A lè dárúkọ mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní tiwa, àwọn kan ti gbìyànjú. Christopher Waterman, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, kó àwo jùjú àtijọ́ jọ sínú *Juju Roots*, tí Rounder gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985, ó sì kọ ìwé ìtàn jùjú ní 1990. Ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù gbé *Living Is Hard* jáde ní 2008, tí ó kó orin àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kọ sínú àwo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1927 àti 1929 jọ. Ní ọdún kan náà ni Analog Africa ti Jámánì gbé *African Scream Contest* jáde, orin Benin àti Togo ti àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ ti wá àwọn olórin náà kàn, tí ó sì ti fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á yìn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí èyí tí ó jẹ́ ti ìlú ńlá ti pọ̀ tó nínú rẹ̀: Lọ́ńdọ̀nù, Èkó, Kútọnu. Oko kò tíì sọ̀rọ̀.

V. Ewu àti ojúṣe

Ewu àkọ́kọ́ ni àìmọ̀kan oníṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọtí ìfọgbẹ́ nu àwo ṣẹ́láàkì ti ba á jẹ́, nítorí pé ọtí a máa yọ́ ṣẹ́láàkì. Omi díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le ti tó. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ àwo oníke lu àwo ìgbà 78 kò ní gbọ́ ohùn dáadáa, nítorí pé ojú ìlà àwo àtijọ́ fẹ̀ ju ti ìgbàlódé lọ. Òòrùn ń ká àwo oníke kò bí ewé, nítorí náà abẹ́ páànù kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí á tò ó sí. Lóòró ni kí á sì gbé wọn dúró. Kí á má tò wọ́n lé ara wọn.

Ewu kejì ni títú àpótí ká. Oníṣòwò a ṣa èyí tí ó lówó lórí, a fi ìyókù sílẹ̀. Àpótí kan tí ó wà ní ìṣọ̀kan sọ ohun tí ìdílé kan fẹ́ràn fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Orúkọ tí a fi pẹ́ńsù kọ sára àwo, àwo tí ó ti gbó jù nítorí pé wọ́n ń lù ú lójoojúmọ́, àwo tí ẹnìkankan kò lù rí, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó ra àwo mẹ́ta nínú rẹ̀ ra orin mẹ́ta. Ìtàn ìdílé náà kò bá a lọ. Kí a tó yọ ẹyọ kan kúrò, ẹ jẹ́ kí á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ewu kẹta ni ti ẹ̀tọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo ohùn inú àwo fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, ṣùgbọ́n ó dáàbò bo orin fúnra rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kú. Nípa bẹ́ẹ̀, àwo lè bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kí orin inú rẹ̀ sì ṣì jẹ́ ti ọmọ olórin. Bí a kò bá dá olórin mọ̀, ta ni a ó san ẹ̀tọ́ fún? Ìdámọ̀ tí a ń wí yìí kan àpò àwọn ọmọ olórin bí ó ti kan ìmọ̀.

Yunifásítì ní àpẹẹrẹ tí ó lè tẹ̀ lé nílé. Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, gba ohùn eré Kola Ogunmola àti ti Duro Ladipo sílẹ̀, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 1968 pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀. Ohùn àti ìwé jọ rìn pọ̀. Bí a bá lè ṣe èyí fún òṣèré ńlá, a lè ṣe é fún olórin tí ó kọ àwo kan péré. Àkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Mọ́níyà, Lálúpọn, Erúnmu tàbí Àkànrán wá, tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣì wà láàyè, ti sún mọ́ ẹ̀rí yìí ju ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ẹ̀rọ alágbèéká tí ó wà nínú àpò rẹ̀ lè ya àwòrán ìwé àárín àwo àti nọ́ńbà tí a fín sí i, ó sì lè gba ohùn ìyá àgbà náà sílẹ̀ bí ó ti ń ṣàlàyé.

Ohun kan kò gbọdọ̀ sọnù nínú gbogbo ètò yìí: kí orin padà sí ibi tí ó ti wá. Bí a bá ti dá àwo mọ̀, tí a sì ti da orin inú rẹ̀ kọ, kí á mú un padà sí abúlé, kí á lù ú lójú gbogbo ará ilé tí a kì nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ibẹ̀ sì ni a ti máa ń gbọ́ àtúnṣe.

Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà ni àpótí àwọn àwo wọ̀nyí. Láti inú ìtàn ni a ti mọ̀ pé Ogun Àgbáyé Kejì dá iṣẹ́ àwo dúró, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ẹni tí a ń kì nínú orin kò ní tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Adelabu kú ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ọdún díẹ̀ ni ó kù tí a fi lè béèrè, kí á sì rí ẹni dáhùn.